Àpò Dúdú ní Ṣẹ́ẹ̀dì Ike

Ojú ọ̀nà Òrù sí Awa ni ṣẹ́ẹ̀dì náà wà. Kí èèyàn tó rí òrùlé rẹ̀, òórùn rẹ̀ á ti pàdé onítọ̀hún lọ́nà. Ibẹ̀ ni mo ti ń ṣa ike nígbà tí mo parí ìwé ní Àgọ́-Ìwòyè tí n kò ríṣẹ́. A ó yọ ìdérí ike, a ó fọ náílọ̀nù omi, a ó sá wọn, kí ọkọ̀ tó kó wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ wọn di ike mìíràn. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìwà àwa èèyàn dọ̀tí tó bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíì á tọ̀ sínú ike, á dé e pa, á jù ú nù. Àwa la ó ṣí i.

Ìyá kan tó ń ti Òkè-Àgbò wá, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ló kọ́ mi níṣẹ́. Aládùúrà ni, inú ìjọ tí wọn kì í wọ bàtà. Àìwọ bàtà ti ṣọ́ọ̀ṣì yé mi. Ṣùgbọ́n nínú idin ṣẹ́ẹ̀dì wa, sílípáàsì tó ti já ló ń wọ̀, náílọ̀nù ló sì ń dì mọ́wọ́ dípò ìbọ̀wọ́.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ kan já àwọn àpò dúdú sílẹ̀. A rò pé ike ni. Màmá ki ọwọ́ bọ ọ̀kan, ó sì fà á yọ kíá. Abẹ́rẹ́ ti gún un níka. Nígbà tí a da àpò náà sílẹ̀, òwú àti báńdéèjì tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ló tú jáde pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ilé ìwòsàn.

Ọ̀gá wa dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó ní kí Màmá fi iyọ̀ fọ ìka rẹ̀. Àwọn àlejò láti àjọ kan tó ń rí sí ìmọ́tótó àyíká, tó fẹ́ wá ya fọ́tò iṣẹ́ wa lọ́sàn-án ọjọ́ náà ló ká a lára. Ó ní kí a fi tapólì bo àwọn àpò náà, ó fín lọ́fínńdà káàkiri. Òórùn òdòdó dà pọ̀ mọ́ ti ìjẹrà, ó wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ló pín ìbọ̀wọ́ àti bàtà òjò tuntun fún wa.

Obìnrin tó ṣáájú àwọn àlejò fi áńkáṣífì bo imú, ó ń sọ fún wa pé àwa là ń tún ayé ṣe. Ó ní kí Màmá rẹ́rìn-ín. Màmá bọ́ ìbọ̀wọ́, ó na ìka tó ti wú sí i.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya èyí náà.”

Obìnrin náà wo ìka, ó wo ọ̀gá, ó sì ní kí oníkámẹ́rà lọ ya àwọn ike tí a ti fọ̀. Ó wá ń fi oògùn apakòkòrò nu ọwọ́ ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni.

Bí wọ́n ṣe lọ tán, ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìbọ̀wọ́ àti bàtà padà, ó ní ó di ìgbà tí àlejò bá tún dé. Mo bọ́ tèmi jù sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo mú Màmá, a gun ọ̀kadà lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Oògùn ìdènà àrùn tí wọ́n fún un ń mú un bì bíi aláboyún, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò níkẹyìn, kò kó àrùn kankan.

Mi ò padà síbẹ̀ mọ́. Òun padà. Mo bi í pé kí ló dé.

“Ọmọ mi, ebi kì í gbóòórùn,” ló wí.

Ó ròyìn fún mi lẹ́yìn náà pé àpò dúdú tún dé. Òun àti àwọn obìnrin yòókù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọn ò fọwọ́ kan nǹkan kan, títí awakọ̀ fi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó àwọn àpò náà padà sínú ọkọ̀.