Aṣọ Funfun Ara Ọkọ̀ Mi

Títí di òní olónìí, bí mo bá rí aṣọ funfun tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí okùn, inú á kọ́kọ́ bí mi kí n tó rántí pé aṣọ ibùsùn lásán ni. Àwọn ọmọ mi ti mọ̀ ọ́n mọ́ mi. Wọ́n á ní, "Màmá, ẹ má wo ibẹ̀ yẹn." Wọn kò mọ ohun tó fà á. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí ọ̀rọ̀ tó bá ń dùn mí kì í pẹ́ nínú mi.

Ìgbà tí ìjọba ní kí gbogbo wa máa pe ara wa ní kámáráàdì ni. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Bantè. A kì í ṣe ọmọ olómi. Iṣu ni a mọ̀, àgbàdo ni a mọ̀, kajú ni a mọ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba ti sé odò kan lápá ọ̀nà Gouka, omi náà sì tẹ́ rẹrẹ, ó bo ọ̀nà oko bàbá mi mọ́lẹ̀. Oko fúnra rẹ̀ kò bómi lọ o. Ó wà ní òdìkejì, a sì ń rí i láti etí omi: àwọn igi kajú tí bàbá mi fọwọ́ ara wọn gbìn, àti igi àràbà kan tí wọ́n sin ìyá wọn sí ìdí rẹ̀.

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá le lè rìn yí omi náà po, láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Ẹsẹ̀ bàbá mi kò le mọ́. Àìsàn kan ti mú apá ọ̀tún wọn rọ, ẹsẹ̀ náà kì í ká, wọn kò lè gun alùpùpù. Àwọn àbúrò wọn ní àwọn yóò fi ibùsùn gbé wọn yí omi po, ni bàbá mi bá fìbínú dá wọn lóhùn. Lára bàbá mi ni mo ti mú ìbínú tèmi. Wọ́n ní, "Òkú ni wọ́n ń gbé bẹ́ẹ̀. Ẹ kò ní gbé mi dé oko mi bí òkú. Èmi fúnra mi ni n ó jókòó, tí n ó fẹsẹ̀ mi tẹ ilẹ̀ yẹn kí n tó kú." Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń fẹ́ láyé nìyẹn, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń sọ ọ́.

Òyìnbó kan wà ní Savalou tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní ìṣirò. Ó ní ọkọ̀ ojú omi kékeré kan, onígbòkun, irú èyí tí wọ́n ń ta aṣọ funfun ńlá sí lórí igi kí atẹ́gùn lè máa tì í lọ. Ó ti rò pé Kutọnu létí òkun ni wọ́n máa fi òun sí. Savalou ni wọ́n fi í sí, láàrin àpáta. Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ni ọkọ̀ náà wà tí adìyẹ ń yé sínú rẹ̀, títí ó fi gbọ́ pé omi wà lọ́dọ̀ wa. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í so ó mọ́ orí mọ́tò rẹ̀, ó ń gbé e wá lọ́jọ́ Àìkú. Bàbá mi jókòó sí etí omi, wọ́n ń jẹ àgbàdo sísun, wọ́n ń wò ó bó ṣe ré kọjá. Wọ́n ní, "Ṣé bó ṣe yá tó nìyẹn? N kò tíì jẹ àgbàdo yìí tán!"

Nígbà tí òyìnbó náà fẹ́ padà sí ìlú rẹ̀, mo lọ bá a ní Savalou, mo fi alùpùpù mi pààrọ̀ ọkọ̀ náà. Alùpùpù tí mo fi ń lọ síbi iṣẹ́! Kàmíọ̀ tó ń kó iṣu ló bá mi gbé e wá sí Bantè. Bí a ṣe ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni ẹ̀rín ń pa àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀. "Ẹ kú oríire ọkọ̀ o, kámáráàdì olùkọ́! Ṣé orí ebè lẹ ó ti máa wà á ni?" Èsì tí mo fún wọn kò ṣeé kọ sínú ìwé. Ọkọ̀ náà ti gbó, ọ̀dà ara rẹ̀ ń ṣí, ó ń jo díẹ̀ nídìí, igi ìtukọ̀ rẹ̀ sì ti ṣẹ́. Ṣùgbọ́n aṣọ rẹ̀ dára, ó funfun báláú, wọ́n rán nọ́ńbà dúdú mọ́ ọn lára. Òyìnbó ti fi ọjọ́ Àìkú mẹ́ta kọ́ mi bí mo ṣe máa di okùn rẹ̀ mú. Inú mi dùn débi pé n kò lè sùn.

Ìyá mi wá ní dandan ni kí wọ́n gbàdúrà sí ọkọ̀ náà kí bàbá mi tó wọ̀ ọ́. Ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ń lọ. Èmi, ọ̀dọ̀ àwọn fadá ni mo ti kàwé. Lọ́dọ̀ tiwa, bí o bá ní nǹkan tuntun, o gbé e lọ bá fadá, fadá wọ́n omi sí i, o gbé nǹkan rẹ padà sílé. Mo rò pé bákan náà ni. Ọkọ̀ sì wúwo. Mo ní kí n gbé aṣọ rẹ̀ nìkan lọ, àdúrà tó bá bá aṣọ á dé ara igi.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bọ́ bàtà lọ́jọ́ Àìkú, mo wọ inú ìjọ wọn, mo tẹ́ aṣọ náà síwájú pẹpẹ. Háà! Halelúyà tó sọ níbẹ̀! Ìyá mi bú sẹ́kún, wọ́n tún ń jó, wọ́n ń jó, wọ́n ń sunkún. Mo ń wò wọ́n, mo ń sọ lọ́kàn mi pé àwọn ènìyàn yìí mà fẹ́ràn ọkọ̀ o. Wòlíì wọn ní kí aṣọ náà ṣì wà níbẹ̀. Kò dùn mí, nítorí lọ́jọ́ kejì ni èmi àtàwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi ń lọ ṣe ìpàdé ọlọ́sẹ̀ kan ní Savalou. Mo sọ fún bàbá mi pé bí mo bá ti dé, òdìkejì yá. Wọ́n ní kí n tètè bọ̀.

Ọjọ́ tí mo dé, láti ìta ni mo ti gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi. Mo wọlé. Àjákù aṣọ funfun kún ilẹ̀. Sùtánà wà lórí àga, sùtánà wà lórí ibùsùn, èyí tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ kò tíì ní apá. Mo wo àyà ọ̀kan, mo rí nọ́ńbà mẹ́rin dúdú níbẹ̀.

Mo ní, "Ìyá mi, kí lẹ ṣe yìí?"

Wọ́n gbójú sókè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, o káàbọ̀. Ti ẹgbẹ́ akọrin ni, fún ìkórè. Nọ́ńbà yẹn ni kò ṣeé tú. Ọlọ́run á gbà á bẹ́ẹ̀."

"Aṣọ ọkọ̀ mi lẹ gé! Aṣọ ọkọ̀ mi!"

"Ìwọ lo gbé e fún Ọlọ́run. Ojú gbogbo wa ló ṣe. Ta ló ń tẹ́ aṣọ funfun síwájú pẹpẹ tó tún ń kó o lọ sílé?" Ẹ̀rín ti kúrò lójú wọn. "Mo rò pé o ti padà sọ́dọ̀ Ọlọ́run ni. Ìdí tí mo fi jó nìyẹn."

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn mú mi dákẹ́. Kò mú mi dákẹ́. Mo pariwo títí àwọn ará ilé fi pé lé wa lórí. Mo gba ọ̀dọ̀ wòlíì lọ, mo ní kí wọ́n tú gbogbo sùtánà náà palẹ̀, kí wọ́n rán aṣọ mi padà bí wọ́n ṣe bá a. Ó ní ohun tó ti dé iwájú pẹpẹ kì í padà. Mo pè é ní olè níwájú ìjọ rẹ̀. Mo pè é lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi bínú. N kò jẹ oúnjẹ ìyá mi. Lọ́jọ́ Àìkú, mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ìjọ wọn tèmi ti bàtà lẹ́sẹ̀, mo ń wo àwọn akọrin bí wọ́n ṣe ń wọlé nínú aṣọ mi. Aṣọ náà le, ó ń dún kàràkàrà lára wọn, òógùn ń bò wọ́n. Mo ní ó tọ́ sí wọn.

Bàbá mi pè mí jókòó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n ní, "Ṣé ọkọ̀ náà ṣì wà?"

"Ó wà lábẹ́ igi máńgòrò, Bàbá."

"Ṣé wọn ò lè fi igi tu ú ni? Mo gbọ́ pé àwọn ará ìsàlẹ̀ létí òkun ń fi igi tukọ̀."

"Igi ìtukọ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́."

"Káfíńtà wà nílùú."

Mo ní ó tì. Mo fàáké kọ́rí. Mo ní ọkọ̀ alátẹ́gùn ni mo fi alùpùpù mi gbà, n kò gba ọkọ̀ onígi, àti pé ọjọ́ tí mo bá fi igi tu ọkọ̀ yẹn, mo ti gbà pé ìjọ wọn jàre nìyẹn. Wọ́n á kọ́kọ́ dá aṣọ mi padà ná. Bàbá mi dá mi lóhùn. Wọ́n ní, "Èmi kò bá ẹ sọ̀rọ̀ aṣọ. Ọ̀rọ̀ oko ni mo ń sọ." Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù fún mi. Wọ́n tún bi mí lẹ́yìn ìyẹn, bóyá ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èsì kan náà ni mo fún wọn.

Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan ni ìyá mi gbé ẹ̀kọ wọlé fún bàbá mi, tí wọ́n bá wọn tí ara wọn ti tutù.

Àwọn àbúrò wọn ní ìdí àràbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wọn, ni kí a sin wọ́n sí. Káfíńtà ló kan pósí. Pákó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá fi gbẹ́ igi ìtukọ̀ méjì. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́ náà. Èmi dúró tì í, mo ń wò ó. Kò lò tó ìdajì òwúrọ̀.

Ìyá mi ti wọ sùtánà fún bàbá mi, èyí tó ní nọ́ńbà mẹ́rin láyà. Wọ́n ń wò mí bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ tẹ́ ọrùn rẹ̀, wọ́n ń retí kí n pariwo. Mo bá wọn tẹ́ apá aṣọ náà.

A gbé pósí náà sórí ọkọ̀, mo jókòó sí ìdí rẹ̀, mo ń fi igbá gbọ́n omi tó ń jò wọlé. Àbúrò bàbá mi méjì ló ń tukọ̀, àwọn tí wọn kò tukọ̀ rí láyé wọn. Wọ́n ń ṣì í, wọ́n ń bú ara wọn. Síbẹ̀ a dé. Ó fi díẹ̀ pẹ́ ju ti òyìnbó lọ.

Kò sí atẹ́gùn rárá lọ́jọ́ náà. Ewé kajú kan kò mì. Ká ní aṣọ náà wà lórí igi rẹ̀ pàápàá, igi la ì bá fi tu ú.