Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ Ra Pọ́ǹpù Méjì

Ẹni tó bá fẹ́ rí ọkùnrin tó ń fi sùúrù jẹun, kó wá wo Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọkọ̀ òkú ló ń wà. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ti wà nídìí iṣẹ́ náà, kò sì sí èrò kan tó tíì gbórí sókè sọ fún un pé ó ń falẹ̀ jù. Àwọn ará àdúgbò ló sọ ọ́ ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ń pè é ní Bàbá wọn.

Àmọ́ ẹ má fi ojú yẹn wò ó tó bá di ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tara rẹ̀. Ọkọ̀ pupa ni, tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń mú ọkọ̀ sáré, tó lọ fi sí i sì tóbi débi pé ó kù díẹ̀ kó lé ẹ́ńjìnnì jáde kúrò nílé. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ló yá a lọ́jọ́ kan, ló bá tẹ iná mọ́ ọn bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Ọkọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ́ńjìnnì yọ́. Wọ́n ra òmíràn, ni ìyàwó bá sọ ojú abẹ níkòó.

"Bàbá wọn, tí èyí náà bá yọ́, ẹ máa tà á. Mi ò ní bá ọkọ̀ jìjàdù ọkọ."

Ni Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bá wọ́ ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Mẹkáníìkì, obìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, afẹ́fẹ́ ni tọ́bò ń kó wọlé," ó ní. "Epo gbọ́dọ̀ bá a dé lẹ́ẹ̀kan náà. Tí epo ò bá tó, ooru á pa písítìn inú ẹ́ńjìnnì, ó parí nìyẹn. Pọ́ǹpù tó ń fa epo nínú táǹkì yín, ti ọkọ̀ lásán ni, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn nọ́sù tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì. Ẹṣin la fi ń ka agbára ẹ́ńjìnnì. Agbára ẹṣin mélòó lẹ fẹ́?"

"Gbogbo ẹṣin tó bá wà nílẹ̀."

"Kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí nọ́sù bá tóbi jù, ọkọ̀ á máa mu epo bí ọ̀mùtí, á sì máa gbọ̀n níbi tẹ́ ẹ bá ti dúró. Tí nọ́sù bá wá tóbi tí pọ́ǹpù ò lágbára, kí ló fẹ́ fọ́n? Ẹ lọ rò ó dáadáa."

Ó rò ó. Ó rò ó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó rò ó nílé ìwẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó dúró ti ọkọ̀ òkú níwájú itẹ́ òkú, ó dorí kodò, ó ń bá ara rẹ̀ jiyàn wúyẹ́wúyẹ́ lórí nọ́sù àti páìpù epo. Àwọn ẹbí olóògbé rò pé àdúrà ló ń gbà. Wọ́n rọra yí i ká, wọ́n dijú. Nígbà tó sọ pé, "Ó yẹ kí páìpù yẹn fẹ̀ sí i," baba àgbàlagbà kan dáhùn pé, "Àmín."

Níkẹyìn ó mú pọ́ǹpù méjì: ọ̀kan tí á máa ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo, èkejì tí á máa sùn títí tọ́bò á fi bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Ó mú nọ́sù tí kò tóbi jù, tí kò sì kéré, pẹ̀lú páìpù tó fẹ̀. Àǹtí Mẹkáníìkì ní ó ṣe bí àgbà.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Wọ́n bọ́ sí títì gbọọrọ kan lẹ́yìn ìlú. Àǹtí jókòó síwájú pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lórí itan, torí kò lè máa wà á kó tún máa wo bí epo ṣe ń wọlé. Ìyàwó wà lẹ́yìn, ó ti pe ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ náà sílẹ̀.

"Ẹ tẹ iná, ẹ̀gbọ́n."

Ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa! Pọ́ǹpù kejì ò tíì jí o."

Ó tún fi díẹ̀ kún un. Ọkọ̀ bíi mẹ́fà ti tò sẹ́yìn rẹ̀, kò sí èyí tó fẹ́ yà á sílẹ̀. Wọ́n mọ ojú rẹ̀, wọ́n rò pé ó ń gbé òkú lọ. Èyí tó wà níwájú tiẹ̀ tan iná rẹ̀. Oníkẹ̀kẹ́ kan bọ́ sílẹ̀ létí títì, ó ṣí fìlà, ó tẹríba.

Àǹtí pa kọ̀ǹpútà dé. "Tẹ́ ẹ ò bá tẹ̀ ẹ́ délẹ̀, mi ò lè mọ̀ bóyá epo tó. Mi ò sì lè gbé ọkọ̀ tí mi ò mọ inú rẹ̀ fún yín."

"Mi ò tẹ̀ ẹ́ délẹ̀ rí," Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ. "Ẹsẹ̀ mi ò gbà. Ó máa ń ṣe mí bíi pé pósí wà lẹ́yìn. Mo ra tọ́bò torí mi ò fẹ́ máa rin ìrìn òkú títí n ó fi kú."

Àánú rẹ̀ ṣe ìyàwó rẹ̀ débi pé ó gbàgbé gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti tò sẹ́nu wá látilé. Ó fọwọ́ kàn án léjìká.

"Bàbá wọn, ẹ wo dígí. Ta lẹ rí lẹ́yìn?"

"Ìwọ ni."

"Ṣé mo ti kú ni?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

"Ẹ̀hẹ́n. Alààyè lẹ gbé. Ẹ sáré!"

Ó tẹ̀ ẹ́ délẹ̀. Tọ́bò súfèé, pọ́ǹpù kejì jí, ọkọ̀ fò síwájú, oníkẹ̀kẹ́ sì la ẹnu sílẹ̀ tòun ti fìlà lọ́wọ́. Àǹtí ń pariwo pé, "Epo tó! Epo tó!" Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ìyàwó ń ké lẹ́yìn, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí orin.

Nígbà tí wọ́n dúró, ẹ́ńjìnnì ṣì ń mí jẹ́ẹ́jẹ́. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ò lè wẹ̀yìn, torí ó ń retí kí ìyàwó rẹ̀ dárúkọ ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀. Ló bá gbọ́ tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Obìnrin náà rọra rìn wá síwájú, ó ṣí ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ Àǹtí Mẹkáníìkì.

"Àǹtí, jọ̀ọ́, bọ́ sẹ́yìn," ó ní. "Mi ò jókòó síbi òkú mọ́."