Kíbíyà, Ajá Aṣálẹ̀ Tí Mo Fi Ojú Wọ̀n

Nínú ìjọ wa ní Decatur, l'Amẹ́ríkà níbí, bí ẹ bá ju òkúta, orí nọ́ọ̀sì ló máa bà. Èmi náà nọ́ọ̀sì ni, àmọ́ àwọn aláìsàn tèmi ń gbó. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn ìyá ìjọ a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Sister Folúkẹ́, ẹ kú iṣẹ́ ajá o!" Màá ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ, pé aláìsàn tèmi kì í parọ́ fún mi, kì í sì í bú ìyá mi. Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń bá dókítà ẹranko ṣiṣẹ́, mo sì ń fi iṣẹ́ náà yangàn níbikíbi tí mo bá dé. Ṣùgbọ́n mo ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀ kí n tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ajá kan ló kọ́ mi, ẹ̀bi ọwọ́ mi ló sì fẹ́ẹ́ pa ajá náà.

Ó ti tó ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Bàbá kan wá láti Union City, aṣọ iṣẹ́ warehouse ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó mú ajá tí ìgò gé lẹ́sẹ̀ wá. Bàbá Musa lorúkọ tó kọ sílẹ̀. Ajá náà, abo ni, ń jẹ́ Kíbíyà, ìyẹn ni ọfà ní èdè Haúsá. Háà! Ẹ wá wo ajá! Ẹsẹ̀ gígùn tín-ín-rín, ikùn tó fà mọ́ ẹ̀yìn, egungun ìdí méjèèjì yọ síta, egungun ìhà tí mo lè kà láti ẹnu ọ̀nà. Mo ní lọ́kàn mi pé ó dáa, àwọn tí ń febi pa ẹran tún ti dé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kan nípa iṣẹ́ wa. Kí dókítà tó rí ẹran, àwa la máa gbà á wọlé, a ó gbé e sórí ìwọ̀n, a ó sì fún ara rẹ̀ ní máàkì, láti orí ení dé orí ẹ̀sán. Ení ni èyí tí ebi ti fẹ́ẹ́ pa kú, ẹ̀sán ni èyí tó sanra débi pé wọ́n ní láti gbé e gun àga. Ọwọ́ la fi ń mọ máàkì yìí. A ó tẹ ìhà, a ó tẹ ẹ̀yìn, a ó di itan mú. Irun lè bo egungun, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì lè tú àṣírí egungun tí kò sí nǹkan tó ṣe é, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í gba ojú gbọ́.

Mo na ọwọ́ sí Kíbíyà lórí. Ó fà sẹ́yìn. Kò gbó, kò yọ eyín, ó kàn wò mí tòkè-tilẹ̀ bí ìyàwó olóyè tí ọmọ ọ̀dọ̀ pè lórúkọ. Mo tún na ọwọ́, ó tún fà sẹ́yìn. Inú bí mi. Mo bi bàbá náà ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí ló ń fún un jẹ. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò pọ̀.

"Ìrẹsì. Ẹran. Mílíìkì," ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ó ń sáré dáadáa."

Ẹ̀rín yẹn ló bà á jẹ́ lójú mi. Mo kọ ení sílẹ̀ láìfọwọ́ kan ajá, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹni tó ni ín ń febi pa á. Bàbá di orí ajá mú, dókítà wẹ ojú egbò, ó dì í, ó ní ká gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ká fi mọ bó ṣe jẹ́. Èmi ò lè dúró dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Lákòókò oúnjẹ ọ̀sán, mo pe ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìyà ẹranko, mo ka ohun tí mo kọ fún wọn. Ìrẹsì mi dùn lẹ́nu mi lọ́jọ́ yẹn. Mo rò pé mo ti gba ẹ̀mí là.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, bàbá náà dé. Okùn ajá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ajá nídìí okùn. Ó jókòó níbi tí àwọn oníbàárà ti ń dúró, ó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Èmi sá sẹ́yìn kọ̀ǹpútà, mo ń ṣe bí ẹni pé n ò rí i. Ni mo bá gbọ́ tó ń sọ pé:

"Láti ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ti mú un lọ, Làmídì. Wọ́n ní mò ń febi pa á. Èmi kẹ̀! Ẹni tí ń fi ẹran ẹnu ara ẹ̀ bọ́ ajá!"

Yorùbá tó dá ṣáká, tó rùn fún Ìbàdàn! "Yéè, mo gbé!" ló jáde lẹ́nu mi. Bàbá yíjú, ó wo káàdì orúkọ tó wà láyà mi. "Flo" ni wọ́n kọ síbẹ̀, torí èmi fúnra mi ni mo ní Folúkẹ́ ti pọ̀ jù fún ẹnu àwọn oníbàárà wa.

"Yorùbá ni yín?"

"Ọmọ Ṣakí ni mí, sà. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ọmọ Niger ni mí, àmọ́ ogún ọdún ni mo fi ta màlúù n'Ìbàdàn. Sábó ni mo gbé." Ó wò mí títí. "Tí ẹ bá ti kí mi lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀ bá ti mọ̀ pé mo gbọ́ Yorùbá. Ǹ bá ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún yín."

Ó ṣàlàyé ẹ̀ lọ́jọ́ náà, èmi sì jókòó tì í bí ọmọ iléèwé. Azawakh ni wọ́n ń pe irú ajá yìí, orúkọ àfonífojì kan tó wà láàárín Niger àti Mali. Àwọn darandaran aṣálẹ̀ ló ń sìn ín láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ojú ló fi ń ṣọdẹ, kì í ṣe imú: bó bá ti rí ehoro lókèèrè, eré ló kù. Lálẹ́, ẹnu àgọ́ ló ń sùn, kò sí àlejò tó lè yọ́ wọlé. Ara rẹ̀ gbẹ nítorí pé ọ̀rá kò wúlò fún ẹni tí ń sáré nínú oòrùn. Nílé tiwọn, wọn kì í ta ọmọ rẹ̀ fún ẹni tí wọn ò mọ̀. Ajá onígbèéraga ni, ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń fi ṣe tiẹ̀, kì í sì í fẹ́ kí àjèjì na ọwọ́ lé òun lórí.

"Kò tíì jẹun láti ọjọ́ Ẹtì," ni Bàbá wí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Wọn ò jẹ́ kí n wọlé lọ bá a. Wọ́n ní tí kò bá sí ẹni tó lè fọwọ́ kàn án di Ọjọ́rú, á jẹ́ pé ajá burúkú ni. Wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́."

Mo mọ abẹ́rẹ́ tó ń sọ, èyí tí ẹran kì í jí lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti bá dókítà di ẹran mú fún un rí.

Ojú tì mí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ ọdẹ ni mí! Bàbá mi ní ajá kan ní Ṣakí, tó gbẹ bí ẹran yíyan, tí kò sí òkété tó lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ṣebótimọ lorúkọ ajá náà, torí bàbá mi ń fi orúkọ ajá sọ òkò ọ̀rọ̀ sí aládùúgbò kan tó ń ṣe ju agbára rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ní ajá yẹn rù, bàbá mi á ní, "Ṣé ẹ fẹ́ fi í se ọbẹ̀ ni?" Mo gbọ́ ọ dàgbà, mo wá dé Amẹ́ríkà, mo gbàgbé. Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èyí tí wọ́n bá wá kọ sínú kọ̀ǹpútà ìjọba tún burú ju ẹyin lọ.

Mo wọlé lọ bá dókítà. Obìnrin dúdú ọmọ ibí ni, òun ló kọ́ mi níṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ka àkọsílẹ̀ mi, ó bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀.

"Flo, ṣé o fọwọ́ kàn án?"

"Rárá, mà."

"Níbo lo ti wá rí ení tí o kọ yìí?"

"Ojú ni mo fi wọ̀n ọ́n, mà."

"Wọ́n lè gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ fún èyí o. Ìwọ lo fojú kọ ọ́, ìwọ ni kí o lọ fọwọ́ pa á rẹ́."

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, mo dé shelter, ibi tí ìjọba ń kó ẹran tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ èèyàn sí. Kíbíyà dúró ní igun yàrá, oúnjẹ rẹ̀ wà bí wọ́n ṣe gbé e sílẹ̀. Bàbá ti kọ́ mi: "Ẹ má wojú ẹ̀. Ẹ má pè é. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí i, kí ẹ jókòó. Òun ló máa wá bá yín, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa lọ bá a." Ni mo bá jókòó sórí sìmẹ́ńtì, èmi arúgbó tí orúnkún ń dùn, mo kọ ẹ̀yìn sí ajá tí mo ṣẹ̀, mo ń kọ orin ìjọ wa lábẹ́ ètè. Wákàtí kan kọjá. Ọ̀gá ibẹ̀ yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Madam, ó tó. Kò fẹ́ èèyàn."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ dákun ẹ fún mi díẹ̀ sí i. Iṣẹ́ ni mò ń ṣe."

Ìdí mi ti kú, mi ò mọ ẹsẹ̀ mi mọ́. Mo ń gbàdúrà, kì í ṣe orin mọ́. Nígbà tó yá, mo gbọ́ èékánná lórí sìmẹ́ńtì, kẹ́, kẹ́, kẹ́. Imú tútù kan kàn mí lọ́rùn. Ó gbóòórùn irun mi, ó gbóòórùn etí mi, kò kánjú rárá. Lẹ́yìn náà ló gbé àgbọ̀n rẹ̀ lé mi léjìká. Omi bọ́ lójú mi pòròpòrò.

Mo rọra gbé ọwọ́ sí àyà rẹ̀, kì í ṣe orí. Mo tẹ ìhà, awọ fẹ́lẹ́ ló bò ó lóòótọ́. Mo tẹ ẹ̀yìn, iṣan kún un. Mo di itan mú, ó le bí ọmọ odó. Ajá tí ebi ń pa kì í ní irú itan yẹn, torí itan lebi máa ń kọ́kọ́ jẹ. Mo gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò mira. Kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ: ohun tí mo pè ní ìyà, agbára ni.

"Máàkì mẹ́rin, sà," ni mo wí fún ọ̀gá. "Bó ṣe yẹ kí irú ẹ̀ rí nìyẹn."

Ó yẹ ìwé wò. "Ta ló wá kọ ení síbí?"

Mo nàka sí ara mi. "Èmi ni. N ò fọwọ́ kàn án nígbà tí mo kọ ọ́."

Ó ní kí n kọ ìyẹn náà sílẹ̀, mo kọ ọ́, mo sì buwọ́ lù ú. Èsì ẹ̀jẹ̀ dé lọ́sàn-án, ó dáa ju tèmi lọ. Dókítà fún mi ní ìwé ìkìlọ̀, ó ṣì wà nínú fáìlì mi di òní. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, wọ́n ṣílẹ̀kùn, Bàbá Musa sì dúró lápá kejì ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Ẹ̀yin tí ẹ kò rí Azawakh níbi tó ti ń sáré rí, ẹ ò tíì rí eré. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Bàbá kúnlẹ̀ láàárín mọ́tò, ó ń sọ èdè tí n ò gbọ́ fún un. Ọ̀gá shelter yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń nu imú.

Lónìí, àwọn tó ní irú ajá yìí ń wa mọ́tò wá láti Buford lọ́hùn-ún, wọ́n á ní àfi kí èmi gbà á wọlé. Folúkẹ́ ló wà lórí káàdì mi báyìí, ẹni tí kò bá lè pè é kó máa kọ́ ọ. Bí òṣìṣẹ́ tuntun bá dé, ilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń ní kó jókòó sí. Wọ́n á máa wojú ara wọn, wọ́n á jókòó, màá sì sọ ìtàn yìí fún wọn, èyí tó dójú tì mí àti èyí tó gbé mi ga.

Lọ́dún tó kọjá, Kíbíyà bímọ. Bàbá Musa gbé ọ̀kan wá, akọ, egungun ìhà rẹ̀ ti ń yọ.

"Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́ lórúkọ. Orúkọ Yorùbá ni mo fẹ́."

Mo rántí bàbá mi àti òkò ọ̀rọ̀ ẹ̀. Mo ní, "Bèèrè-kí-o-tó-kọ."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín, ó fi ẹsẹ̀ janlẹ̀. "Ta lẹ ń sọ òkò yẹn sí?"

Kò sí aládùúgbò kankan tó ṣẹ̀ mí. Bèèrè lásán ni wọ́n ń pè é ní kílíníìkì báyìí bí Bàbá bá mú un wá, ẹnu wọn ò gbé orúkọ náà tán. Síbẹ̀, nígbàkígbà tí wọ́n bá pe ajá náà, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé orí sókè.