Ewé Kòkó Lójú Ọ̀nà Adágún

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, òtítọ́ pọ́nńbélé ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí. N kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un, n kò sì yọ ọ̀kan kúrò kí ó lè dùn létí.

Òórùn kòkó ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí bàbá mi kọ́kọ́ mú mi gun òkè, wọ́n ti da kòkó tútù jọ sí ẹ̀yìn ilé, wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó kí ó lè kan, òórùn kíkan rẹ̀ sì gba gbogbo abà wa, tí ó wà láàrin Ìkirè àti Àpòmù. Ọyẹ́ mú débi pé ètè mi là. Màmá mi di dòdò Ìkirè sínú ewé fún wa, wọ́n sì kìlọ̀ pé kí n má jẹ ẹ́ tán kí a tó dé ìdí òkè. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà. Èmi nìkan ni wọ́n bí, kò sì sí ọmọ mìíràn ní abà tí mo lè bá ṣeré.

Adágún méjì wà lórí òkè náà, nínú ihò àpáta, wọn kì í sì í gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn Aládùúrà ni wọ́n máa ń gun ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ láti gbàdúrà. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé àdúrà sí etí títì ni kò ti sí ẹni tí ó ń ro ọ̀nà náà mọ́. Igbó bò ó, òjò sì wọ́ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ lọ títí tí ó fi ku òkúta tí ń yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Bàbá mi nìkan ni wọ́n ṣì ń lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ìkórè. Wọ́n ní ibẹ̀ nìkan ni àwọn ti lè gbọ́ ohun tí àwọn ń rò.

Wọ́n ṣíwájú, wọ́n ń fi àdá la ọ̀nà. Èmi ń fi ọwọ́ àti orúnkún gun ibi tí ó dúró bí ògiri.

"Ṣé ó ti rẹ̀ ọ́ ni, ìyá arúgbó?"

"Kò rẹ̀ mí, Bàámi. Ẹsẹ̀ mi ni ó ń bínú."

"Bá mi bẹ̀ ẹ́. Sọ fún un pé omi kò jìnnà mọ́."

Ní àárín òkè, ọ̀nà pín sí méjì. Nígbà tí mo débẹ̀, n kò rí wọn mọ́. Ewé kòkó tútù kan wà ní ẹnu ọ̀nà apá òsì, wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀, wọ́n sì fi òkúta pẹlẹbẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo rò pé wọ́n fi ewé náà pè mí ni. Mo gba ibẹ̀ títí mo fi dé etí àpáta tí kò sí ohunkóhun níwájú rẹ̀ àfi òfuurufú. Mo ń sunkún nígbà tí ọwọ́ wọn bà mí léjìká.

"Àbẹ̀kẹ́, ta ni ó ní kí o gba ibí?"

"Ewé yín ni, Bàámi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fà mí kúrò létí àpáta. "Ẹni tí ó bá tẹ́ ewé sí ẹnu ọ̀nà, má gba ibí ni ó ń wí. Bí ará iwájú bá já sí kòtò, ará ẹ̀yìn á kọ́gbọ́n. Ewé ni ará iwájú fi ń sọ̀rọ̀."

Kòkó kì í hù lórí òkè. Láti oko ni wọ́n ti máa ń já ewé rẹ̀ dání, nítorí pé ó fẹ̀, ojú kì í sì í fò ó.

Nígbà tí a dé adágún, omi náà dúdú, ó sì dákẹ́. A jókòó, a jẹ dòdò, a kò sọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà, n kò tíì rí ìdákẹ́jẹ́ tí ó dùn tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìkórè kan tí kò dára, bàbá mi pinnu láti lọ ṣiṣẹ́ ní Àbíjáàn, bí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí a ti ṣẹ̀ wá ti máa ń ṣe. Ní àárọ̀ tí wọ́n fẹ́ lọ wọkọ̀ ní Gbọ̀ngán, mo jí ṣáájú wọn. Mo já ewé kòkó tí ó fẹ̀ jù lọ, mo tẹ́ ẹ sí ojú ọ̀nà tí ó jáde kúrò ní abà, mo sì gbé òkúta lé e. Wọ́n dúró. Wọ́n wo ewé, wọ́n wò mí. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú un, wọ́n ká a sínú àpò ẹ̀wù wọn.

"Mo ti gbọ́," ni wọ́n wí, wọ́n sì lọ.

Wọ́n ń pè wá lórí fóònù ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó yá, nọ́ńbà náà kò lọ mọ́.

Mo ti wà ní kíláàsì àṣekágbá ní ilé ẹ̀kọ́ girama báyìí. Nígbà ìsinmi Kérésìmesì tí ó kọjá, mo dá gun òkè náà. Ẹ̀gún ya aṣọ mi, òkúta sì yẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀ títí mo fi dé ibi tí ọ̀nà ti pín. Ewé kòkó kan wà ní ẹnu ọ̀nà apá òsì. Ó tutù. Ojú rẹ̀ bolẹ̀, òkúta pẹlẹbẹ sì wà lórí rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ yẹn ì bá ti sáré, kí ó máa ké "Bàámi!" títí dé orí òkè. Èmi kò ké. Mo ti dàgbà tó láti mọ̀ pé ẹni tí kò bá pe ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ pé kò sí ẹni tí ó dáhùn. Mo rọra gun un dé adágún. Kò sí ẹnìkan níbẹ̀.

Nígbà tí mo sọ fún màmá mi, mo ń retí kí wọ́n ní ọdẹ ni. Wọ́n fi etí ìró nu ọwọ́ wọn.

"Ṣé ewé náà ṣì tutù?"

"Ó tutù, Màámi."

Ìrẹsì tí wọ́n sè ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ju ti ènìyàn méjì lọ.

Ewé tí a bá já nínú ọyẹ́ kì í pẹ́ rọ. Ta ni ó gba ibẹ̀ kọjá ṣáájú mi, ẹni wo ni ó sì rò pé ó ń bọ̀ lẹ́yìn òun?