Ọwọ́ Tí Mo Fi Ń Rọ Ọmọ

Àwọn ìyá ìwòyí lè má mọ bí wọ́n ṣe ń rọ ọmọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Èèyàn á tẹ́ ọmọ sórí itan, orí rẹ̀ á rọ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Á ká ọwọ́ òsì mọ́ ọn lẹ́nu bí igbá kékeré, á da ògì sínú ọwọ́ náà. Bí ọmọ bá fẹ́ pa ẹnu dé, á fi ìka dí i nímú. Ọmọ tó bá fẹ́ mí gbọ́dọ̀ la ẹnu, èyí tó bá sì la ẹnu gbọ́dọ̀ gbé ògì mì. Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn kí n tó tẹ̀ lé ọkọ mi wá sí Èkó láti ìhà Ògùn, ọwọ́ mi sì yá sí i. Ní àgbàlá tí a ń gbé ní Bàrígà nígbà yẹn, èmi ni àwọn ìyàwó kékeré máa ń gbé ọmọ wá bá láàárọ̀. Wọ́n á ní kí n bá àwọn rọ eléyìí, pé ó ń ṣagídí. Mo máa ń fi yangàn.

Ọmọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ọmọ ọmọ mi obìnrin, ọmọ oṣù mẹ́wàá. Ìyá rẹ̀, àbígbẹ̀yìn mi, ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Palmgrove. Ilé kan náà la jọ ń gbé ní Abúlé Òkúta, èmi ló sì ń gbé ọmọ lé lọ́wọ́ kó tó jáde. Ọmọ náà kì í fẹ́ jẹun. Bó bá ti rí abọ́ pupa tí mo ń po ògì sí, igbe dé nìyẹn. Mò ń rọ ọ́, ó ń bì í. Oṣù méjì gbáko ni ìwọ̀n rẹ̀ kò fi kúrò lójú kan. Ìyá rẹ̀ wá ní bí kò bá sanra kí oṣù tó parí, òun á máa gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń bá èèyàn tọ́jú ọmọ ní Onípanu. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo gbọ́ ni pé wọ́n fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ mi.

Nọ́ọ̀sì tó ń wọn ọmọ ló sọ fún un nípa àwọn kan tó ń ṣe ìwádìí lórí bí ọmọdé ṣe ń dàgbà. Ìyá ọmọ buwọ́ lùwé, ọ̀dọ́mọbìnrin kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá sílé wa ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tòun ti òṣùwọ̀n nínú báàgì. Ó bi mí pé ẹ̀ẹ̀melòó ni mò ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ lójúmọ́. Ó bi mí bóyá èmi àti ọmọ jọ rẹ́rìn-ín lánàá. Ó rí mi lára. Ta ló ń ka ẹ̀rín? Ẹni tí kò tíì bímọ wá ń yẹ ẹni tó bí márùn-ún wò, tí márààrún sì yè. Mo fún un lómi mu, mo dá a lóhùn, mo fi èyí tó kù sínú.

Nígbà kẹta tó wá, ó bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun fi fóònù ya fídíò bí mo ṣe ń fún ọmọ lóúnjẹ. Ó ní èmi nìkan lòun máa fi í hàn, àfi tí mo bá fọwọ́ sí i kí ẹlòmíì rí i, àti pé bí mo bá ní kí òun pa á rẹ́, òun á pa á rẹ́. Inú mi dùn. Mo tún gèlè mi wé. Mo ti rò pé ọwọ́ mi ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ àwọn ìyá mìíì níṣẹ́. Mo rọ ọmọ náà dáadáa, abọ́ gbẹ.

Ó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì, ó tan fídíò náà fún mi, ó ní, "Màmá, ẹ má wo ọwọ́ yín. Ojú ọmọ nìkan ni kí ẹ máa wò."

Mo wò ó. Kí ọwọ́ mi tó dé ẹnu rẹ̀, ọmọ ti yí orí sọ́tùn-ún. Ọwọ́ mi tẹ̀ lé e. Ó yí i sósì, ọwọ́ mi tún tẹ̀ lé e. Ìka mi wá dé, ó dí i nímú pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń dé ìkòkò. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ gbàgà, èmi ló ń wò. Kò wo ilẹ̀kùn bóyá ẹnì kan ń bọ̀, èmi tí mò ń fún un lọ́rùn náà ló ń fi ojú bẹ̀. Ògì ń ti ihò imú rẹ̀ jáde. Mo sì ń gbọ́ ohùn ara mi lókè orí rẹ̀, mò ń kọrin fún un.

Mo ti kó ìgbẹ́ arúgbó rí, mo ti fọ ìfun ẹran láìmọye ìgbà; nǹkan kì í tètè rí mi lára. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì yẹn rí mi lára débi pé mo dìde lọ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo sì tún un fọ̀.

Ọmọbìnrin náà kò bá mi wí. Ó kàn ní àwọn ti jókòó ti ọ̀pọ̀ ìyá àti ìyá àgbà tó ń bọ́ ọmọ, àwọn sì rí i pé ọmọ tí wọ́n bá ń fi ipá bọ́ a máa sá fún oúnjẹ, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá ní sùúrù fún, tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, a máa jẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wá bi mí pé, "Ṣé kí n pa á rẹ́, Màmá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni" ló wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n àkọ́bí mi ló wá sí mi lọ́kàn. Ọkùnrin tó ti ń hu ewú ni, ṣùgbọ́n títí dòní, bí òórùn ògì bá ti gba inú ilé, á dìde bọ́ síta. Gbogbo wa la máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, a ní òyìnbó ni. Òun kì í bá wa rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ àgbàlá Bàrígà náà wá sí mi lọ́kàn, àwọn tí mo dí nímú tí ìyá wọn kúnlẹ̀ dúpẹ́. N kò mọ iye wọn. Bí fídíò yẹn bá sì parẹ́, ìyá ọmọ á máa rò pé àìsàn ló ń ṣe ọmọ òun. Mo ní kó fi ránṣẹ́ sí i.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé nírọ̀lẹ́, ó bọ́ bàtà, ó wo fídíò náà lẹ́ẹ̀mejì lórí ìdúró. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè.

"Báyìí lẹ ṣe rọ èmi náà, Mọ́mì?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ̀ ń kọrin fún èmi náà?"

Mo ní mo kọ ọ́. Ó gbé ọmọ sí èjìká, ó wọ yàrá. Mo rò pé ẹrù ọmọ ló fẹ́ dì. N kò bẹ̀ ẹ́. Kí ni mo fẹ́ fi bẹ̀ ẹ́?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó jáde pẹ̀lú aṣọ ọ́fíìsì lọ́rùn, ó gbé ọmọ lé mi nítan bí ó ti máa ń ṣe, ó sì fi síbí kékeré kan sí mi lọ́wọ́. Ó ní, "Bó bá yí orí, ẹ jẹ́ kó yí i." Ó lọ.

Mo ti sọ abọ́ pupa nù. Iṣu ni mo gún fún un lọ́jọ́ náà, nínú àwo funfun. Ó yí orí, mo fi síbí lélẹ̀. Ó pẹ́. Ó fọwọ́ kan iṣu, ó fi kun irun, ó fi kun ẹní, ó wá fi ọwọ́ náà sẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ló gbé e mì, èyí tó dà sílẹ̀ sì ju èyí tó wọ ikùn lọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kàn, òṣùwọ̀n kò tíì yí. Ìyàwó ilé kejì gbé ọmọ tiẹ̀ wá kí n bá òun rọ ọ́, mo ní n kì í rọ ọmọ mọ́. Ó ní, "Ìyá, wọ́n fi fóònù yà yín, ẹ wá di òyìnbó." Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi, ó rọ ọ́ fúnra rẹ̀. Mo sọ ohun tí mo rí fún un, ó ní ṣebí lọ́dọ̀ mi lòun ti kọ́ ọ.

Nígbà tí oṣù parí, ọmọ wa fi díẹ̀ wúwo sí i. Ìyá rẹ̀ kò dárúkọ Onípanu mọ́. Mò ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ bó bá ń jẹun, mò ń dárúkọ iṣu àti ẹ̀wà fún un, òun náà ń dá mi lóhùn ní èdè tiẹ̀. Ṣùgbọ́n orin yẹn, n kò kọ ọ́ mọ́.