Kẹ́ẹ̀gì Aláìlórúkọ Tó Pa Agnes

Wọ́n sin Agnes nínú òjò oṣù Kẹjọ. Wọn ò ṣí pósí rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Olúwatósìn, bẹ̀ títí pé kí wọ́n jẹ́ kóun rí ojú ìyá òun lẹ́ẹ̀kan péré, àwọn àgbà ìjọ ni wọ́n dì í mú. Ọ̀gá tí olóògbé ń bá ṣiṣẹ́ kò yọjú. Màníjà rẹ̀ ló rán wá pẹ̀lú páálí omi mímu, màníjà yìí sì dìde níbi ìsìn ìkẹyìn, ó ní, "Àìfarabalẹ̀ ló fa èyí o. Ẹ bá wa kìlọ̀ fún àwọn èèyàn yín." Níbi òkú! Lójú ọmọ olóòkú! Inú ń bí mi láti ọjọ́ náà, kò sì tíì rọ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ilé kan náà la jọ ń gbé ní Baruwa, ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni. Bó bá pe èèyàn láti ẹ̀yìnkùlé, ará ojúlé kẹta á dáhùn. Bí ọyẹ́ bá dé, tí àdí àgbọn dì gbagidi sínú ìgò, Agnes ni í gbé ìgò náà sínú omi gbígbóná, á wá ké sí gbogbo ọmọ ilé pé, "Ẹ jáde wá, ẹ̀yin olórí gbígbẹ!" Á fi pa wọ́n lórí lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ tèmi náà wà lára wọn. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló dé tí kò fi dúró kí oòrùn yọ́ ọ, á ní, "Ohun tó bá dì, ìgbóná ní í tú u." Ọgbọ́n tí ìyá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ ni, kò sì já a kulẹ̀ rí nínú ilé.

Dopemu ló ti ń ṣiṣẹ́, nílé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń po tínà, omi tí wọ́n fi ń tú ọ̀dà, fún àwọn pẹ́ńtà. Ọ̀gá ibẹ̀ ní àṣà kan. Bí kẹ́ẹ̀gì ńlá tuntun bá ti wọlé, ọ̀bẹ ni wọ́n á kọ́kọ́ fi ha bébà ara rẹ̀ dànù. Orúkọ, wọ́n á ha á. Àwòrán iná pupa, wọ́n á ha á. Ìdí rẹ̀ ni pé kò fẹ́ kí àwọn tí wọ́n jọ ń tajà mọ ohun tó ń rà. Ẹni tí ìjọba rán wá yẹ ibẹ̀ wò dé, ó rí kẹ́ẹ̀gì tó pọ̀ lọ bẹẹrẹ tí ò lórúkọ, ó mu mínírà tútù, ó bá tiẹ̀ lọ. Kú iṣẹ́ o, ọ̀gá olùbẹ̀wò.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Sìdíkátù, tí òun àti Agnes jọ ń ṣiṣẹ́, bu díẹ̀ nínú ohun tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì náà fún mi. Mo gbé e lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Wàsíù, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́místírì ní Ìgándò, òun ló bá mi gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Tẹ́ẹ́tì-bútánọ́ọ̀lù lorúkọ rẹ̀. Ìdílé ọtí ló ti wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọtí àmumu. Òórùn rẹ̀ jọ ti kánfọ̀ tí à ń sọ sínú àpótí aṣọ, ìyẹn ló fi àwọn òṣìṣẹ́ lọ́kàn balẹ̀. Ta ní í sá fún kánfọ̀? Bí ooru bá mú, omi ni. Bí ojú ọjọ́ bá tutù díẹ̀, á dì bí àdí. Ṣùgbọ́n oru tó ń jáde lára rẹ̀ wúwo ju atẹ́gùn lọ. Ilẹ̀ ló ń rá pálá gbà, títí á fi kan iná níbi tí iná wà.

"Ẹ̀gbọ́n, yíyọ́ rẹ̀ ò le," Wàsíù ní. "Kí wọ́n gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá láti ibòmíì. Kí fèrèsé ṣí sílẹ̀, kí iná kankan má sí nítòsí, kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú. Ó tán."

"Ó tán, àbí?"

"Ó tán, sà. Gbogbo ẹ̀ ló wà lára bébà tí wọ́n ha dànù yẹn."



Láàárọ̀ ọjọ́ tí Agnes kú, òjò mú kí nǹkan ọ̀hún dì. Ọ̀gá pè lórí fóònù láti ilé pé kí wọ́n tètè yọ́ ọ, oníbàárà ń dúró. Agnes ti fèrèsé nítorí òjò. Ó gbé abọ́ omi lé sítóòfù, ó sì ki kẹ́ẹ̀gì kékeré kan tó ti ṣí sínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe fún àdí àgbọn. Sìdíkátù jáde lọ ra búrẹ́dì. Kò tíì dé ìdí búrẹ́dì tó fi gbọ́ igbe: oru náà ti kan iná sítóòfù, yàrá náà sì ti gbiná.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà bi Tósìn pé, "Kí ló wà nínú kẹ́ẹ̀gì yẹn? Kí ni Màmá fà símú?" Ọmọ náà pe màníjà. Ẹ gbọ́ ohun tí màníjà sọ: "Àṣírí ilé iṣẹ́ nìyẹn." Agnes kú kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sì sẹ́ni tó lè sọ fún dókítà ohun tó ń bá jà.

Ta wá ni kò fara balẹ̀? Ṣé obìnrin tó yọ́ ohun tó dì bí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ ni, àbí ẹni tó fi ọ̀bẹ ha ìkìlọ̀ dànù? Ǹ bá dárúkọ ọ̀gá náà síbí, agbẹjọ́rò ìwé ìròyìn yìí ló ní mi ò gbọdọ̀. Ẹ ò rí nǹkan! Orúkọ tiẹ̀ náà ti di ohun tí wọ́n ń ha dànù.

Ǹ bá má tíì kọ èyí, ká ní Sìdíkátù ò pè mí lánàá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọyẹ́ ti dé o. Nǹkan yẹn ti tún dì. Wọ́n ti gba ẹlòmíì sípò Agnes, Tolúwalọpẹ́ lorúkọ ẹ̀. Ó ń bi mí pé ṣé sítóòfù yìí ṣì ń ṣiṣẹ́."

 Mo ní kó sáré gbé sítóòfù náà jù síta. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Màníjà sì kìlọ̀ fún un pé kó yéé dẹ́rù ba òṣìṣẹ́ tuntun.

Nítorí náà, mo ń béèrè ní gbangba. Kí àwọn tó fún ilé iṣẹ́ náà ní ìwé àṣẹ lọ sí Dopemu, kí wọ́n má sì mu mínírà ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n fi ẹni tó pàṣẹ pé kí wọ́n máa ha bébà síwájú adájọ́. Kí màníjà wá sí Baruwa, kó dúró níwájú Tósìn, kó kó ọ̀rọ̀ tó sọ níbi òkú jẹ.

Ọmọ náà ti kọ orúkọ ìyá rẹ̀ sórí sàréè, ó hàn ketekete. Kẹ́ẹ̀gì tó pa á ò tíì lórúkọ. Ẹ kọ ọ́ sí i lára lónìí, kí Tolúwalọpẹ́ tó ṣáná.