Ẹni Tó Wá Tọrọ Mi Síṣẹ́

Bí ọ̀kadà bá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà wa ní Ìdó-Ilé, ọ̀gá mi obìnrin ni mo máa ń rántí. Òun ló ń bójú tó ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ wa ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè, níbi tí a ti ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn èèyàn fi ń ṣẹ̀dá géèmù. Kì í gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́ láìdé ilé onítọ̀hún. Á bọ́ bàtà, á kúnlẹ̀, á ní, "Màmá, ọmọ yín ni mo wá tọrọ."

Nígbà tí àwọn ọ̀gá l'Ékòó fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, wọ́n ní kó fi ímeèlì lé wa. Ó kọ̀. "Ẹni tí mo fi ìkúnlẹ̀ gbà, mi ò ní fi fóònù dá a padà."

Ó wọ mọ́tò dé Erio, ó gun ọ̀kadà láti ibẹ̀ dé ilé wa. Ó kúnlẹ̀ síbi tó kúnlẹ̀ sí lọ́jọ́sí. "Màmá, ẹ má bínú. Ọmọ yín kò ṣẹ̀ wá."

Kò tíì dìde tí fóònù rẹ̀ fi dún. Ó ka àtẹ̀jíṣẹ́ tó wọlé, ó na fóònù náà sí mi. Wọ́n ti lé òun náà. Wọn ò tilẹ̀ kí i kí wọ́n tó lé e.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ilé-iṣẹ́ náà tún ń wá òṣìṣẹ́. Wọ́n tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí mi pé kí n padà wá. Mo sọ fún ìyá mi níbi tó ti ń bẹ iṣu. Kò gbójú sókè.

"Ta ni wọ́n rán wá tọrọ ẹ?"